Ṣé Etí Àgbàlagbà Ni Mo Ní Ni?

Àǹtí Télọ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́ àná tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mo ní kí n kó o wá síwájú yín kí ẹ bá mi dá a. Oníbàárà mi kan jókòó de bùbá rẹ̀, ọmọ tí kò lè ju ọdún 22 lọ. Àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà ń lọ jẹ́jẹ́ lórí fóònù mi. Bó ṣe ku díẹ̀ kí aago méje lù, mo pa á, mo tan rédíò fún ìròyìn. Ìròyìn kò tíì parí tí iná fi lọ. Mo bá fa ìwé ìtàn kan, Àjà Ló Lẹrù, yọ lábẹ́ máṣíìnì, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń kà á títí ọmọ iṣẹ́ mi fi ráyè bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Ọmọ yìí wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ gan-an? Bàbá tó bí bàbá mi ló máa ń ṣe báyìí."

Ọmọ ọdún 37 ni mí. Ewú kan ò tíì sí lórí mi.

Bí mo ṣe ń lo ọjọ́ mi nìyí o. Tí mo bá ń gé aṣọ, àpàlà ni, tàbí sákárà Yusuf Ọlátúnjí, torí ìlù wọn kì í kánjú, àlùmágàjí kì í sì í yà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ń lọ aṣọ, fújì. Tí iná bá lọ, ìwé ìtàn. Aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́, ìròyìn: ti ìpínlẹ̀ wa, pàápàá ti àdúgbò. Kòtò tó wà lójú ọ̀nà ọjà wa kàn mí ju ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà ní Àbújá lọ. Ṣé àìsàn ni?

Dèjì Kọ̀ǹpútà:
Àǹtí, ẹ má jù mí lókò o, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò purọ́. Àwo àpàlà kan wà tí dádì mi fẹ́ràn, odidi ojú kan àwo náà, orúkọ èèyàn ni olórin ń kà. Alájì Lágbájá, ọmọ Tàmẹ̀dù, àna Làkáṣègbè. Ta ni wọ́n? Gbogbo wọn ti kú. Dádì mi ní orin ni, mo ní rẹ́jísítà ni. Ìwé Yorùbá náà ńkọ́? Ọdẹ, iwin, igbó, òwe mẹ́rin nínú gbólóhùn kan. Ìròyìn sì ti dé orí fóònù mi kí n tó jí, kí ni mo fẹ́ máa dúró de aago méje fún?

Ọmọ Fújì:
Dèjì, bí ẹ̀gbọ́n ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí o. Ohùn tí àwọn olórin tìrẹ máa ń fà gùn bí ẹni tó ń pe ìrun yẹn, níbo lo rò pé wọ́n ti rí i? Wéré ni ìyá ẹ̀, orin tí àwọn ọmọkùnrin fi ń jí àdúgbò sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Ibẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti gbé e, tó pò ó mọ́ sákárà àti àpàlà, tó sọ ọ́ ní fújì. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan lòun rí ní pápákọ̀ òfuurufú tí orúkọ náà fi wọ òun lójú. Ó kú ní 2010, ohùn ẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn tí ìwọ ń jó sí.

Àǹtí Télọ̀, ẹ̀yin náà, kí ni fújì ṣe yín tí ẹ fi so ó mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù?

Àǹtí Télọ̀:
Ọmọ Fújì, áyọ́ọ̀nù ń fẹ́ agbára ni o. Ìyìn ni mo fi ṣe.

Dèjì, gbọ́ tèmi. Orúkọ tó sú ọ yẹn gan-an ni mo ń bá lọ síbẹ̀, torí ìròyìn ni wọ́n. Wọn ò tíì bí mi nígbà tí ìjọba san owó Udoji. Tíṣà kankan ò sọ ọ́ fún mi nílé ìwé. Ẹnu Ọmọwúrà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀. Mo bá bi bàbá mi, ó jókòó, ó ṣàlàyé: ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága ẹ̀ dábàá kí wọ́n fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí owó náà jáde tòun ti àjẹsílẹ̀ ẹ̀, gbogbo ọjà fò sókè, àwọn tí kì í gba owó oṣù ìjọba ló wá jìyà ẹ̀ jù. Ìyá bàbá mi wà lára wọn, aṣọ òkè ló ń tà. Gbogbo ìtàn ìdílé yẹn, orin ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fún mi.

Nígbà tí wọ́n pa Murtala Mohammed ní February 1976, Sàláwà Àbẹ̀ní gbé àwo jáde lórí ikú náà lọ́dún yẹn kan náà, ọmọdébìnrin ni nígbà náà. Ẹni tí kò lè ka ìwé ìròyìn gbọ́ ọ níbẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá pa àpàlà tí mo tan ìròyìn, ojú kan náà ni mo ṣì wà o.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù:
Ẹ jẹ́ ká pa ti ọjọ́ orí tì. Mo ti lé ní 60, àpàlà ni wọ́n fi bá mi ṣe ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó lè pè mí ní àjèjì nídìí ẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Àǹtí Télọ̀ ni ibi tó ti ní orin ni ìròyìn. Rárá o. Owó ni olórin ń tẹ̀ lé. Ẹ gbé Oroki Social Club tí Haruna Iṣọla kọ ní 1971. Mo lè fi ẹnu lu gbogbo ìlù inú ẹ̀ fún yín láì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá kan ní Òṣogbo ni wọ́n ń kì níbẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ wá bá mi rí ẹnì kan nínú wọn tó ṣe àṣìṣe rí láyé ẹ̀. Ẹni tó bá náwó ni èèyàn nínú orin. Ẹni tí kò náwó, wọn ò bí i rárá.

Mo lo ọdún 31 nídìí àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀tù. Tí a bá rí i pé ẹlẹ́rìí gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́rìí fún, adájọ́ á ní kó sọ̀ kalẹ̀ nínú àpótí. Kí ni kí n wá máa pe ẹ̀rí olórin?

Ìyá Ìbejì Òkè:
Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ lè fi ẹnu lu gbogbo ìlù inú ẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ tún ń lé e jáde nínú àpótí. Ẹ ṣàánú wa.

Tíṣà Yorùbá:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Tó bá gùn, ẹ fara dà á.

Ẹ wo bí ìwé ìròyìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Abẹ́òkúta ni, oṣù Kejìlá ọdún 1859. Henry Townsend, òjíṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Kò sí ìwé ìròyìn kankan ṣáájú ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí, Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ló ń wà nínú ẹ̀? Ẹni tó kú, ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ìjòyè tó rìnrìn àjò, iye tí wọ́n ń ta òwú. Àǹtí Télọ̀, tó bá jẹ́ ìgbà náà ni, kòtò ọ̀nà ọjà yín á ti rí àyè níbẹ̀. Rògbòdìyàn tó lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867 ló pa á.

Ẹ wá sí Ìbàdàn. Dénrelé Ọbasá ló dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924. Nígbà tó di 1927, òun kan náà ló tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì. Oníròyìn ni lówùúrọ̀, akéwì ni lálẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í pé èwo ni iṣẹ́ ẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Èkó. Láti 1929 wọ 1930, Isaac Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ ránṣẹ́. Ṣẹ̀gilọlá ni obìnrin náà pe ara ẹ̀, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ròyìn bó ṣe fi ẹwà ẹ̀ jẹ Èkó láyé ìgbà èwe ẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á gbé orin: orin tí wọ́n ń kọ kiri àdúgbò, orin ìsìn, èyí tó bá ṣáà ti bá ọ̀rọ̀ mu. Àwọn òǹkàwé ń retí lẹ́tà tó kàn bí ẹni ń retí ọjọ́ owó oṣù, wọ́n sì ń kọ tiwọn ránṣẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan o! Thomas ló jókòó tó ń kọ ọ́. Ní 1930 ó di ìwé, òun sì lọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà.

Bàbá Akọ̀wé, èwo lẹ ó pe ìyẹn? Ṣé ìwé ni, ìròyìn ni, àbí orin? Ohun tí Àǹtí Télọ̀ ń ṣe nídìí máṣíìnì ẹ̀, tí ó ń ti orin bọ́ sínú ìròyìn, tó ń ti ìròyìn bọ́ sínú ìwé, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù:
Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi ro ẹjọ́ mi parí. Wọ́n gbà á gbọ́! Odidi àgbàlagbà ń kọ lẹ́tà sí obìnrin tí kò sí láyé. Ibi tó máa ń já sí nìyẹn tí a bá pò ìtàn mọ́ ìròyìn. Lónìí, wọ́n á gé fídíò eré tíátà kan, wọ́n á ní ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á sì fi ránṣẹ́ sí mi ní aago márùn-ún ìdájí, "Olúwa ṣàánú wa" ló máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ọmọ Ṣẹ̀gilọlá ni gbogbo wọn.

Tíṣà Yorùbá:
Mo gbà fún yín níbẹ̀, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé èyí náà sórí ìwọ̀n: ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé torí eré Yorùbá Ronú, kò sì rí àyè ṣeré níbẹ̀ mọ́ títí sójà fi gbàjọba ní 1966. Orin àti eré ni o. Àwọn ìwé ìròyìn ń jáde lọ́dún náà. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìlù wà nídìí ẹ̀ ni ìjọba ń sá fún?

Ọmọ Fújì:
Ẹ gbà á níbẹ̀!

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀:
Mo ti ń ka gbogbo yín láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kí n dákẹ́, kò ṣeé ṣe. Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe, n kò ní dárúkọ iléeṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó mọ̀ lónìí: ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ẹ ń gbọ́ ohùn wa, a kì í gba owó oṣù níbẹ̀. A máa ń ra àkókò ni. Èmi ń ra wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ọwọ́ àwọn alágbo àti àwọn tó ń ta ilẹ̀ ni mo ti ń rí owó tí mo fi ń san án. Onígbọ̀wọ́ là ń pè wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, onígbọ̀wọ́ mi kan ń ta ilẹ̀ níbì kan. Ìròyìn wá dé pé ẹbí méjì ń jà lórí ilẹ̀ náà, wọ́n ti dé kọ́ọ̀tù. Ìwé ìròyìn yẹn wà níwájú mi lórí tábìlì. Mo ti fi bírò pupa fàmì ohùn sórí orúkọ àwọn ẹbí náà kí n má baà ṣì wọ́n pè. Olóòtú ẹ̀rọ na ìka sí mi pé ó ku ìṣẹ́jú kan. Mo yí ìwé náà dojú délẹ̀, mo ní kó bá mi fi orin sí i. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbọ́ wa lọ́jọ́ náà tó mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Wọ́n tiẹ̀ pè wá pé orin náà dùn.

Bàbá Akọ̀wé, ẹ wá wo olórin yín. Ó dárúkọ ẹni tó fún un lówó. Ó dárúkọ ìyá ẹ̀, ó dárúkọ ìyàwó ẹ̀, ó júwe ilé ẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tí owó ti wá, ẹ mọ ibi tí ẹ ó gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí. Èmi, ta ló mọ tèmi? Nínú ẹlẹ́rìí tó ń pariwo orúkọ ẹni tó fún un lówó àti èyí tó fi owó sápò tó wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ìròyìn, èwo lẹ máa kọ́kọ́ lé sọ̀ kalẹ̀?

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù:
Ọmọ mi, mo ka tìẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè kọ irú ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mi ò tíì yí. Ohun tí o sọ yìí ò sọ olórin di oníròyìn, ìwọ ló sọ di olórin.

Ìyá Ìbejì Òkè:
Yéè! Bàbá yìí ò dára.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀:
Mo gba tèmi o. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Dèjì Kọ̀ǹpútà:
Ẹ rí i? Ìdí tí mi ò fi ń gbọ́ rédíò nìyẹn. Wátsáàpù àdúgbò wa tó mi. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń sọ ọ́, kò sí onígbọ̀wọ́, kò sí alágbo.

Ìyá Ìbejì Òkè:
Dèjì ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ti wátsáàpù fún ọ. Ìlú ìyá mi kò tóbi, gbogbo wa la wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́: "Oko baale ti jona." Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Oko Baálẹ̀, kòkó ni. Àwọn ọmọkùnrin gbé àdá, wọ́n gé ewé tútù, wọ́n sáré lọ sóko láti lọ pa iná. Máìlì méjì! Wọ́n débẹ̀, kòkó dúró, atẹ́gùn ń fẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣeré. Ọkọ̀ Baálẹ̀ ló jóná, lẹ́yìn ilé Baálẹ̀ gan-an, níbi tí gbogbo wọn ti sáré kọjá. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, ó ku irin.

Ìyàwó Baálẹ̀ kékeré ní òun tiẹ̀ rò pé ọkọ òun ni wọ́n ní ó jóná, ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ká ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni, tòun ti gbogbo owó tó gbà, á pè é kó dún.

Tíṣà Yorùbá:
Mo máa lo ìtàn yìí ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bá mi bẹ Baálẹ̀, n kò ní dárúkọ ìlú.

Dèjì Kọ̀ǹpútà:
Màmá, ẹ pa mí 😂 Mo gbà fún yín ní ti àmì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fèsì lórí ìwé. Iwin ńkọ́?

Àǹtí Télọ̀:
Iwin wo? Dèjì, ìwé tí ọmọ yẹn bá lọ́wọ́ mi, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló kọ ọ́, 1969. Kò sí iwin kan níbẹ̀, kò sí irúnmọlẹ̀. Lápàdé ni, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó wá ń tú àṣírí àwọn ọ̀daràn kiri fúnra ẹ̀, òun àti Tàfá Ìgìrìpá. Ọkọ̀, ìbọn, irọ́, igbó mímu, ọlọ́pàá tí wọn ò gba tiẹ̀ gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí o bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, o ò ní rí kọ̀ǹpútà rẹ tún ṣe lọ́jọ́ náà. Fágúnwà lo ń rò, ìyẹn náà sì dùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé Yorùbá kọ́ ni Fágúnwà kọ.

Ìyá Ìbejì Òkè:
Àbí Ó Le Kú! Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974. Àjàní àti ọmọge mẹ́ta, ní yunifásítì Ìbàdàn. Níbo ni iwin wà níbẹ̀ àfi nínú orí Àjàní? Mo kà á lábẹ́ tábìlì ní kíláàsì ìṣirò, wọ́n nà mí, mo padà lọ kà á parí.

Àǹtí Télọ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ ti fọwọ́ kan iṣẹ́ mi báyìí. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé yẹn di fíìmù ní 1997, ìró kúkurú tí wọ́n ró nínú ẹ̀, èyí tó mọ lórúnkún pẹ̀lú bùbá, gbogbo ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Àṣà àwọn ìyá wa nígbà èwe wọn ló padà dé. Títí dòní, oníbàárà á wọlé, á ní, "Àǹtí, ẹ bá mi rán oleku." Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé orúkọ ìwé ni. Ọmọ tó bú mi lálẹ́ àná yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ń bá a rán? Oleku ni! Ó jókòó sórí àga mi, ó ń wọ ìwé Yorùbá, ó ní ìwé Yorùbá ti di ti bàbá bàbá òun.

Ọmọ Fújì:
Ẹ sọ fún un?

Àǹtí Télọ̀:
Mo sọ fún un. Ó ní kí n jọ̀wọ́ fi ìka méjì kún gígùn ẹ̀.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù:
Ẹ dárí jì mí, mo tún fẹ́ padà sídìí ìròyìn, torí ibẹ̀ ni Àǹtí Télọ̀ ti lágbára jù tí kò sì mọ̀. Ẹ ní kòtò àdúgbò kàn yín ju Àbújá lọ. Ẹ̀yin èèyàn máa ń rò pé àìlajú ni. Èmi rò pé ibi tí irọ́ ti ṣòro pa jù nìyẹn. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti tún ọ̀nà ọjà yín ṣe, ẹ máa yọjú sóde, ẹ máa rí i.

Tíṣà Yorùbá:
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Àwọn àgbà ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri láyé òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn, èyí tí wáyà ń gbé ohùn wá sínú ẹ̀: Èkó ní 1935, Ìbàdàn ní 1939. O ò lè yan ìkànnì, o ò lè fèsì. Ohun tó bá wu ìjọba ni wọ́n ń rọ sí ọ létí. Lónìí, èèyàn lè pe orí ètò kó ní irọ́ ni.

Àǹtí Télọ̀:
Mo ti pè wọ́n lórí kòtò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kíní, iná lọ nígbà tó kàn mí. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n dín ohùn rédíò mi kù, kí n tó dín in kù wọ́n ti gbé ẹlòmíì. Lẹ́ẹ̀kẹta mo sọ̀rọ̀, mo dárúkọ òpó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ní ọlọ́kadà méjì ló ti ṣubú síbẹ̀ lójú mi, ọ̀kan gbé abiyamọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí i.

Òjò àkọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́rú, mo tún máa pè.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ o. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n kéde nínú ìròyìn aago méje pé àwọn oníná máa paná àgbègbè wa fún ọjọ́ mẹ́ta torí iṣẹ́. Aṣọ ẹbí 40 wà lọ́wọ́ mi. Mo ra epo sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Télọ̀ tó wà lódìkejì mi, ìròyìn kò kàn án, ẹ ò rí bó ṣe ń bẹ àwọn oníbàárà lọ́jọ́ Sátidé. Mo yá a ní máṣíìnì kan, aládùúgbò ni.

Dèjì Kọ̀ǹpútà:
Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo lọ gbọ́ Ọmọwúrà lẹ́yìn tí Àǹtí sọ ti Udoji. Mo gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn orúkọ yẹn ṣì ń sú mi, ẹ ò ní fipá mú mi. Ṣùgbọ́n ìlù yẹn… mo padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí ibì kan, níbi tí ìlù ti dánu dúró tó wá jẹ́ ohùn ẹ̀ nìkan ló kù. N kò ní sọ fún dádì mi.

Lápàdé náà, níbo lèèyàn ti lè rí i rà?

Àǹtí Télọ̀:
Wá mú tèmi. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Owó pọ́ọ́kú ni mo fi rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Mo ti kà á dé ibi tí ọkàn mi ń lù kìkì, mo ṣí ojú ìwé, bébà kò sí mọ́. Ìdí tí mo ṣe ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́ àná nìyẹn, bóyá mo lè fi ọgbọ́n mọ bó ṣe parí.

Tíṣà Yorùbá:
Ó wà lọ́wọ́ mi ní pípé. Ẹ sọ nọ́ńbà ojú ìwé tó gbẹ̀yìn tí ẹ rí, mo máa ya fọ́tò ìyókù fún yín lálẹ́ yìí.

Ọmọ Fújì:
Àǹtí, kí ẹ tó yọ ara yín lẹ́nu, mo ti kà á o. Ní ìparí ẹ̀, Lápàdé máa

Àǹtí Télọ̀:
Ọmọ Fújì! Tí o bá fi lè kọ èyí tó kù, n kò ní rán agbádá rẹ mọ́.

Ọmọ Fújì:
Mo ti dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ẹtì ni ìnáwó náà.